Ẹ Dojú Aago Dé Kí Ẹ Tó Sanwó: Bí A Ṣe Ń Dá Seiko 5 Àtijọ́ Tó Jẹ́ Ojúlówó Mọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aago àtijọ́ wá síwájú mi, ojú rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn oníbàárà mi ní Dùgbẹ̀ ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Màá gba aago, màá dojú rẹ̀ dé sí àtẹ́lẹwọ́, màá fa awò aláago bojú ọ̀tún, ẹ̀yìn ni màá sì máa kà kí n tó béèrè pé kí ló ṣe é. Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú mọ̀ pé ojú lẹ máa wò, ibẹ̀ ló sì ń náwó sí. Ẹ̀yìn ni kì í ráyè tún ṣe, bó bá sì tún un ṣe, kì í rántí pé ó yẹ kí ó bá inú mu.

Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá mi wá báyìí. Aago tó dàgbà jù wọ́n lọ ni wọ́n ń wá, inú mi sì ń dùn sí i, torí iṣẹ́ wa ti fẹ́ kú nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago lójú fóònù. Ṣùgbọ́n Rolex ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Mo máa ń ní kí wọ́n fi Rolex sílẹ̀ ná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ta Rolex Daytona tí Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà nì, máa ń so mọ́wọ́ ní gbàǹjo Phillips ní New York, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Níbi tí owó bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í sùn. Ẹ kò lè bá wọn figagbága pẹ̀lú ojú tí kò tíì mọ nǹkan kan.

Seiko 5 ni kí ẹ fi kọ́ ojú yín. Ó pọ̀ nígboro, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì ṣeé rí, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń sọ ọdún àti oṣù tí wọ́n ṣe é fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Aago Switzerland mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín? Bí ẹ bá sì ṣì í rà, owó rẹ̀ kò ní dá gbèsè sí yín lọ́rùn.

Kintaro Hattori ló ṣí ìsọ̀ aago ní Tokyo lọ́dún 1881, ibẹ̀ ni Seiko ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé Sportsmatic 5 jáde, òun sì ni bàbá gbogbo Seiko 5. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ṣèlérí nínú orúkọ yẹn: aago náà á máa fúnra rẹ̀ yí sípíríǹgì rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni bá ṣe ń mì, ọjọ́ àti déètì á wà nínú fèrèsé kan ṣoṣo, omi kò ní tètè wọ inú rẹ̀, wáíńdà rẹ̀ á fara pamọ́ síbi aago mẹ́rin kó má baà máa gún ọrùn ọwọ́, ara àti ṣéènì rẹ̀ á sì lágbára. Ẹ wo ìlérí àkọ́kọ́ dáadáa. Wọ́n ti gbé “Seiko 5” wá bá mi rí tó jẹ́ bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá ń bínú pé aago òun kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Aago yìí kò fìgbà kan jẹ́ Seiko 5.”

Ẹ̀YÌN

Lẹ́yìn Seiko àtijọ́, oríṣi nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ní ìlà kékeré láàárín, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, bíi 6119-8083 tàbí 7009-3040. Mẹ́rin ìṣáájú ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ẹ̀rọ inú aago, mẹ́rin ìkẹyìn ni ti kéèsì, ìyẹn ara aago tó gbé ẹ̀rọ náà. Bí ẹni tó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ṣe máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wò ó bóyá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa: ohun tí ẹ̀yìn bá sọ, ojú àti inú gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Oríṣi kejì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí aago. Láti ìparí àwọn ọdún 1960, mẹ́fà ni. Èyí tó ṣíwájú jẹ́ ìparí ọdún tí wọ́n ṣe aago náà, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ oṣù. Láti 1 dé 9 jẹ́ oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹsàn-án. 0 ni oṣù kẹwàá. Lẹ́tà N ni oṣù kọkànlá. Lẹ́tà D ni oṣù kejìlá. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ti ètò inú ilé iṣẹ́, kò kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan pọ̀. Aago kan ní 6119 lẹ́yìn, nọ́ńbà kejì rẹ̀ sì jẹ́ 150321. Nọ́ńbà 1 ni ọdún, 5 ni oṣù, nítorí náà oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe é, nínú ọdún tó parí sí 1. Ọdún wo? Kò lè jẹ́ 1961, torí wọn kò tíì bí Seiko 5 nígbà náà. Kò lè jẹ́ 1981, torí láàárín ìparí àwọn ọdún 1960 sí àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n lo ẹ́ńjìnnì 6119. Oṣù karùn-ún ọdún 1971 nìyẹn. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ọjọ́ orí nìkan kò tó, àfi kí ẹ mọ ìgbà tí wọ́n lo ẹ́ńjìnnì náà.

Pẹ̀lú 7009, ọ̀rọ̀ lè má yanjú bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì wọ inú àwọn ọdún 1980 lọ, nítorí náà 8N lè jẹ́ oṣù kọkànlá 1978 tàbí ti 1988. Àwọn tó ń tà á á sọ pé 1968 ni, torí pé bó ṣe gbó sí ni owó rẹ̀ ń gòkè sí. Irọ́ pátápátá ni, kò sí 7009 ní 1968. Bí èmi kò bá lè dá méjèèjì yà, “1978 tàbí 1988” ni mo máa ń kọ sínú ìwé mi, mo sì máa ń fi owó 1988 rà á.

Ohun mìíràn wà lẹ́yìn tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Títí dé nǹkan bí ọdún 1970, “WATERPROOF” ni Seiko máa ń kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n yí i sí “WATER RESISTANT”. Bí nọ́ńbà bá sọ pé 1976 tí ẹ̀yìn sì kọ WATERPROOF, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí ìdérí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí “HONG KONG” tí ẹ bá rí lẹ́yìn àwọn 7009 kan bà yín lẹ́rù. Japan ni ẹ́ńjìnnì ti wá, Hong Kong ni wọ́n ti kó o sínú kéèsì, ojúlówó ni. Mo ti rí ẹni tó ju aago dáadáa nù tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹlòmíì sì he é.

Ní ti wúrà: bí aago Seiko bá ń dán bíi wúrà, ẹ wá lẹ́tà SGP tàbí GP lẹ́yìn rẹ̀. Wúrà tí wọ́n fi pa á lára lásán nìyẹn, irin ló wà nísàlẹ̀. Ojúlówó wúrà máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀, 750 fún káráàtì 18, 585 fún káráàtì 14, 375 fún káráàtì 9. Kò burú kí aago jẹ́ SGP. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó wúrà lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

OJÚ

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọmọkùnrin kan tó ń sin ìjọba nílùú yìí gbé Seiko 5 kan wá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó pọ́n láṣejù, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, kò sí ìlà kan lára gíláàsì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á, láti Íńdíà. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ó dà bíi tuntun, àádọ́ta ọdún!” Mo ní kí ó jókòó.

Òwò ńlá ni títún ojú aago kùn ní Íńdíà, pàápàá ní Mumbai. Wọ́n á kó àwọn Seiko tó ti gbó jọ, wọ́n á fọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lójú wọn, wọ́n á fi àwọ̀ tuntun kùn ún, wọ́n á tẹ orúkọ Seiko padà sórí rẹ̀, wọ́n á sì da àwọn ẹ̀yà ara aago mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ aago tó dára lọ́wọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ lè rà á. Ṣùgbọ́n àkànpọ̀ ni, kì í ṣe aago tí Seiko ṣe, kò sì yẹ kí ẹni tó ń kó aago àtijọ́ jọ san owó ojúlówó lórí rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ gbé awò sójú tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù fa ojú aago náà súnmọ́ yín, kí iná sì mọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Etí lẹ́tà tí Seiko tẹ̀ máa ń mú, ó máa ń já gaara. Tàwọn tó tún un kùn máa ń nípọn, ẹsẹ̀ lẹ́tà á sì ti tú díẹ̀. Ẹ wo ìdí àwọn igi kéékèèké tó dúró fún wákàtí, bóyá ọ̀dà gun ẹsẹ̀ wọn. Ẹ wo etí fèrèsé déètì, bóyá ọ̀dà dì síbẹ̀. Ẹ wo àwọn àmì ìṣẹ́jú tó yí ojú ká. Lójú ojúlówó, àmì ìṣẹ́jú márùn-ún kọ̀ọ̀kan máa ń kojú igi wákàtí tirẹ̀ gan-an, kò ní yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò ní yẹ̀ sósì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìkọ̀wé tó kéré jù lọ nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ 6. Ibẹ̀ ni Seiko máa ń kọ JAPAN àti nọ́ńbà ojú aago sí. Ìdá àkọ́kọ́ nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí ó bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn mu. Mẹ́rin ìkẹyìn lè yàtọ̀ sí ti kéèsì, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n tún kùn, ìkọ̀wé yìí kì í sí rárá, tàbí kí ó jẹ́ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mìíràn. Aago aláwọ̀ ọsàn ti ọmọkùnrin yẹn kò ní nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn ti àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 tún máa ń ní àmì kékeré kan lókè 6. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe aago fún Seiko nígbà náà, Suwa àti Daini, wọ́n sì ń bá ara wọn díje bí ẹni pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Suwa ń lo òbírí tó ń yí wọ inú ara rẹ̀, Daini ń lo àmì mànàmáná. Ọmọ Suwa ni 6119. Bí ẹ bá rí mànàmáná lójú aago tó pe ara rẹ̀ ní 6119, ẹ ti mọ̀ pé ojú ẹlòmíì ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́.

Àwọ̀ nìkan kì í fi hàn pé aago jẹ́ ayédèrú, torí Seiko fúnra wọn ṣe aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ òféfé, àti oríṣiríṣi ní àwọn ọdún 1970. Ẹ wá àwòrán kéèsì náà àti nọ́ńbà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ yẹn wà lára èyí tí wọ́n tà rí. Èyí tí ojú rẹ̀ pupa lápá kan, tí ó funfun lápá kejì, tó tún ní àwòrán kìnnìún láàárín, ẹ fi sílẹ̀ fún oníǹkan.

Èyí rán mi létí 6139, tí kì í ṣe Seiko 5 lásán, tó ní àwọn bọ́tìnnì tí a fi ń ka ìṣẹ́jú. Ọdún 1969 ló jáde. William Pogue, arìnrìn-àjò òfurufú ará Amẹ́ríkà, so ọ̀kan tó ní ojú aláwọ̀ ìyeyè lọ sí òfurufú nínú iṣẹ́ Skylab 4 láàárín 1973 sí 1974. Láti ìgbà tí ìtàn yẹn ti tàn ká, gbogbo 6139 tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ ni wọ́n ń kùn ní ìyeyè. Ẹ fọwọ́ sọ́nà pẹ̀lú rẹ̀.

Ojú tó bá ti gbó díẹ̀, tó ní àmì oòrùn, tí ọ̀dà rẹ̀ ti rẹ̀ lápá kan, ni èmi fẹ́. Àádọ́ta ọdún nínú òógùn àti ọyẹ́ kì í fi ojú kankan sílẹ̀ bó ṣe wà.

INÚ

Bí ẹ kò bá tíì ṣí aago rí, ẹ jẹ́ kí aláago ṣí i níṣojú yín. Ọ̀pọ̀ ìdérí Seiko 5 ni a máa ń yí, irin tí a fi ń yí i sì wà. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tí ẹ tẹ̀ mọ́ ọn tún lè ṣí èyí tí kò bá le. Ọ̀bẹ ìdáná kọ́. Gbogbo àpá gígùn tí ẹ ń rí lẹ́yìn àwọn aago, ọ̀bẹ ìdáná ló ṣe é.

Nínú, ẹ máa rí irin ìlàjì òbírí kan tó ń yí bí ẹ bá mi aago. Òun ló ń fún sípíríǹgì ní agbára. Ẹ wá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Ẹ̀yìn ní 6119, inú náà gbọ́dọ̀ ní 6119 pẹ̀lú lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀, bíi 6119C. Mo ti ṣí aago tí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé 1974, tí ẹ́ńjìnnì 7S26 sì jókòó sínú rẹ̀. Ọdún 1996 ni 7S26 dé ayé. Ẹ wo ìpẹta nídìí wáíńdà, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Ẹ wo orí àwọn síkúrúù: bí gbogbo rẹ̀ bá ti já, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ ti wọ ibẹ̀.

Ẹ yí ìdérí náà padà kí ẹ wo inú rẹ̀. Àwa aláago a máa fi abẹ́rẹ́ kọ déètì tàbí àmì tiwa síbẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá fọ aago, kí a lè mọ̀ bó bá padà wá. Mo ti rí àmì ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nínú aago tí ẹnìkan gbé wá láti Òṣogbo. Àmì bẹ́ẹ̀ kì í dín owó aago kù. Ó ń sọ fún yín pé ẹnìkan ti ń tọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ tó dé e padà, ẹ dán an wò. Ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá Seiko 5 wọ̀nyí máa ń gbé ìgbésẹ̀ mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á rí i bí ẹni pé ó ń ṣàn. Èyí tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ni. Bí aago bá dákẹ́, ẹ má yí wáíńdà kí ó lè tajú. 6119 àti 7009 kì í gba yíyí lọ́wọ́. Ẹ mì í jẹ́jẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ọlọ́jà tó bá ń yí i kankan níwájú yín pé òun ń “wáìn” in kò mọ ohun tó ń tà. Láti yí déètì 6119, ẹ tẹ wáíńdà díẹ̀, déètì á yí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ọjọ́ á yí. Ti 7009, ẹ fà á jáde dé ibi àkọ́kọ́, kí ẹ sì yí i. Ẹ má ṣe é láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, torí eyín inú ti ń gbé déètì lọ fúnra rẹ̀ lákòókò yẹn, ẹ lè ṣẹ́ ẹ.

Ọjọ́ máa ń wà ní èdè méjì: Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Faransé, pẹ̀lú Lárúbáwá, pẹ̀lú Spanish. Èyí tí wọ́n tà nílé ní Japan máa ń ní ìkọ̀wé tiwọn. Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ ọjà tí aago náà kọ́kọ́ wọ̀. Ìyẹn kì í yí owó padà púpọ̀, àmọ́ èmi fẹ́ràn láti mọ̀ ọ́n.

BÍ KÌ Í BÁ ṢE SEIKO

Citizen súnmọ́ Seiko: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún, méjì tó tẹ̀lé e ni oṣù. Omega máa ń kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì nínú, àwọ̀ bàbà pupa sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Lára gíláàsì oníke rẹ̀, ní àárín gbùngbùn, àmì Omega kan wà tó kéré débi pé àfi pẹ̀lú awò lẹ fi máa rí i. Rolex àtijọ́ máa ń kọ nọ́ńbà sáàárín apá kéèsì, lẹ́yìn ibi tí ṣéènì bò, ti ẹ̀yà aago níbi aago méjìlá, ti aago náà gan-an níbi aago mẹ́fà. Bí ọlọ́jà kò bá jẹ́ kí ẹ yọ ṣéènì, ẹ kí i pé ó dìgbà, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń tàn lókùnkùn ṣe pàtàkì fún ìlera yín. Kí àwọn ọdún 1960 tó dé, rédíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń kun ọwọ́ àti nọ́ńbà. Agbára rẹ̀ kì í dín sí ìdajì àfi lẹ́yìn nǹkan bí 1,600 ọdún, nítorí náà ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ bí kò tilẹ̀ tàn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kun ojú aago ní New Jersey nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀ ń fi ètè ṣe ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí aago ìgbà náà tí nǹkan pupa-bí-ìpẹta ń jábọ́ lójú rẹ̀, ẹ má ṣí i, ẹ má ha á. Lẹ́yìn náà ni trítíọ́ọ̀mù dé, wọ́n sì ń kọ “T SWISS T” sísàlẹ̀ ojú aago. Ọdún 12 péré ló fi ń dín sí ìdajì. Nítorí náà aago 1965 tó bá ń tàn yanran lókùnkùn lónìí, ẹnìkan ti tún un kùn.

RÍRÀ ÀTI TÍTỌ́JÚ

Aago tó dára jù tí mo ti rà, láti inú ilé ló ti ń wá, kì í ṣe láti ìsọ̀. Bàbá kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun, aago wà nínú dúrọ́ọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù, torí ogún ni. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé àwọn yòókù mọ̀. Ẹ kọ ìwé: orúkọ ẹni tó tà á, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn aago, ọjọ́, owó. Kí ó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni yóò gbà yín sílẹ̀ bí ẹnìkan bá wá sọ lọ́la pé wọ́n jí i ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán mẹ́rin ni kí ẹ béèrè: ẹ̀yìn tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé kà, ìsàlẹ̀ ojú lábẹ́ 6, inú tí wọ́n ṣí, àti ẹ̀gbẹ́ kéèsì. Ẹni tó ní aago gidi kì í bínú sí ìbéèrè. Ẹni tó bá ní “ẹ máa rà á tàbí ẹ kò ní rà á?” ti dá yín lóhùn.

Ìyá kan gbé aago ọkọ rẹ̀ wá. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kó máa kọ yànrànyànràn, ọmọ mi fẹ́ fi ṣègbéyàwó.” Mo ní, “Màmá, màá fọ inú rẹ̀, màá pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, màá fọ òógùn àtijọ́ kúrò lára ṣéènì. Ara rẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án.” Inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n kéèsì tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ lọ̀, igun rẹ̀ tó mú á ti di róbótó, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí Seiko fà sí i lára á ti pa rẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà. Bákan náà ni ojú: ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín “sọ ọ́ di tuntun”.

Ní ti ìtọ́jú, òróró inú aago máa ń gbẹ, aago tó ń ṣiṣẹ́ láìsí òróró sì ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ìdérí. Ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sẹ́yìn rẹ̀ nípa omi, ẹ má so ó wọ balùwẹ̀, rọ́bà ọdún 1971 kò ní ìlérí kankan mọ́. Ẹ má gbé e sórí sípíkà, torí mágínẹ́ẹ̀tì á mú kí ó máa sáré. Àwọn àpò kékeré inú bàtà tuntun tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ má jù wọ́n nù, inú àpótí aago ni ipò wọn, pàápàá fún ẹ̀yin tó ń gbé ní Èkó tí afẹ́fẹ́ òkun kì í fi irin sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n yan èyí àkọ́kọ́ fún yín, ẹ wá 6119 láàárín 1969 sí 1974, tí ojú rẹ̀ kò ní ọ̀dà tuntun, tí ẹ̀yìn, ojú àti inú rẹ̀ sì bára mu. Kí gíláàsì rẹ̀ ti ha máṣe dí yín lọ́wọ́. Ẹ lo ìyẹn láti fi já owó rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá gbé e fún aláago, kí ó wọn fífẹ̀ ibi tí gíláàsì jókòó sí kí ó tó ra òmíràn, torí ti kéèsì kan kì í sábà wọ òmíràn.